Lílo Ọ́ńtọ́lọ́jì láti Ṣe Àwòṣe Ìgbékalẹ̀ Iléeṣẹ́ àti láti Tú u Palẹ̀

Àṣamọ̀

Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń ya àwòrán bí iṣẹ́, ènìyàn, ìmọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe so kọ́ra nínú àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà ni kò lè dáhùn ìbéèrè, nítorí pé orí ẹni tí ó yà wọ́n nìkan ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú wọn wà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ọ́ńtọ́lọ́jì, èyí tí í ṣe ọ̀nà láti kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè fi í ronú, ṣe ń mú kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣeé bi léèrè. Àpẹẹrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni àti ti ArchiSurance, iléeṣẹ́ adójútòfò àfinúrò tí a fi ń kọ́ni ní èdè ArchiMate, ni a lò. Iṣẹ́ náà fi hàn pé agbára ọ́ńtọ́lọ́jì kò ju ti àdéhùn tí àwọn ènìyàn bá ṣe lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ, àti pé ẹni tí kò bá mọ bí ọ́ńtọ́lọ́jì ṣe ń wo ohun tí a kò sọ yóò ṣi ìdáhùn rẹ̀ gbọ́.

Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí èyí tí ọmọdé lè dáhùn: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan? Bí a bá gbé ìbéèrè yìí lọ sí ọ́fíìsì bọ́sà, iye àwọn tí wọ́n ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún sáà náà ni wọn yóò kà. Ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà, àwọn tí wọ́n ti gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, tí orúkọ wọn kò sì tíì kúrò nínú ìwé, ni akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ka ìdánwò yóò ka gbogbo ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, ó kéré tán. Ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́ta NCE rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí ó ṣì ní kárí-ófà kan ṣoṣo wà nínú ìwé tiwọn. Bí kò bá tíì sanwó, kò sí nínú ti bọ́sà. Ilé-ìkàwé ní tirẹ̀ yóò ka ẹni tí ó ní káàdì. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè kò jọra.

Bí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan bá dá dúró, wàhálà kò sí. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá pinnu láti so àwọn kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ ni ọ̀rọ̀ á di ariwo. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrìnpọ̀ láìsí àjọsọ ìtumọ̀ lè burú ju àìrìnpọ̀ lọ. Bí a bá sọ fún ètò èsì ìdánwò pé kí ó máa gba orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ètò owó, ọmọ tí owó rẹ̀ pẹ́ kí ó tó wọlé lè jókòó ṣe ìdánwò ní gbọ̀ngàn, kí a sì wá èsì rẹ̀ tì. Ẹni tí ó so ètò méjèèjì pọ̀ kò ṣe é ní ibi. Ohun tí ó rí nínú àwòrán ni ìlà tí ó so àpótí kan mọ́ èkejì, tí a kọ "akẹ́kọ̀ọ́" sí lórí.

Àwòrán ìgbékalẹ̀ iléeṣẹ́

Ohun tí a ń pè ní ìgbékalẹ̀ iléeṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń ṣe, àwọn ènìyàn tí ó ń ṣe é, ìmọ̀ tí wọ́n ń lò àti ẹ̀rọ tí ó ń gbé ìmọ̀ náà ṣe gbé ara wọn ró. Iléeṣẹ́ níhìn-ín kì í ṣe ti oníṣòwò nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn àti ìjọba ìbílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí a sábà máa ń kà sí aṣáájú nínú ìmọ̀ yìí ni John Zachman, òṣìṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, tí ó tẹ àròkọ kan jáde ní 1987 nínú jọ́nà iléeṣẹ́ náà. Zachman wo bí a ti ń kọ́ ilé àti bí a ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ó kíyè sí i pé àwòrán tí onílé fẹ́ rí kọ́ ni èyí tí bíríkìlà nílò, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí fún ètò ìmọ̀ iléeṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ là sílẹ̀: dátà, iṣẹ́, àti bí àwọn ibi iṣẹ́ ṣe so mọ́ra. Ní 1992, òun àti John Sowa fi mẹ́ta kún un, ó sì di ìbéèrè mẹ́fà: kí ni, báwo ni, níbo ni, ta ni, nígbà wo ni, àti nítorí kí ni. Ó yẹ kí a kíyè sí Sowa yìí. Ìmọ̀ tirẹ̀ dá lórí bí a ti ń fi ọgbọ́n ìrònú ṣe àkọsílẹ̀ ìmọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ nípa ìtumọ̀ kò pẹ́ kí ó tó wọ inú ìmọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kò kọbi ara sí i.

Ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan ní 1996, nígbà tí òfin Clinger-Cohen gbé e lé àwọn ọ̀gá ètò ìmọ̀-ẹ̀rọ lọ́wọ́ ní àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Àjọ The Open Group ti gbé TOGAF jáde ṣáájú ìyẹn, ní 1995. Ìlànà lórí bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Èyí tí ó kan iṣẹ́ yìí jù ni ArchiMate. Orílẹ̀-èdè Netherlands ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀ láàrin 2002 sí 2004, lábẹ́ Telematica Instituut, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn yunifásítì, ilé ìfowópamọ́ àti iléeṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ó bọ́ sọ́wọ́ The Open Group ní 2008, ẹ̀dà kìíní lábẹ́ wọn sì jáde ní 2009.

ArchiMate pín ohun inú iléeṣẹ́ sí ìpele mẹ́ta pàtàkì. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni ó wà lókè. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bíi sáfà àti okùn ìsopọ̀, ni ó wà nísàlẹ̀. Oríṣi àpótí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, oríṣi ọfà kọ̀ọ̀kan náà sì ní orúkọ àti ìtumọ̀ tí a kọ sínú ìwé ìlànà.

Àwòrán tí kò lè dáhùn

Kí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tó dé, ọfà inú àwòrán iléeṣẹ́ lè túmọ̀ sí ohunkóhun. Ó lè sọ pé àpótí kan ń fún èkejì ní dátà, tàbí pé ó ń dúró dè é, tàbí pé ó ṣáájú rẹ̀, tàbí pé ọ̀gá rẹ̀ ni. Nínú àwòrán kan náà pàápàá, ọfà méjì tí ó jọra lè sọ ohun méjì tí kò bára tan. Ẹni tí ó yà á mọ̀ ọ́n. Bí ó bá gba iṣẹ́ síbòmíràn, ìtumọ̀ náà bá a lọ.

ArchiMate dín ìṣòro yìí kù púpọ̀, kò pa á rẹ́. Èdè ènìyàn ni a fi kọ ìtumọ̀ ọfà sínú ìwé ìlànà, ènìyàn nìkan ni ó sì lè kà á. Àpẹẹrẹ kan tọ́ sí mímẹ́nu bà. Nínú ẹ̀dà kìíní àti ìkejì, ọfà kan wà tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ó wà ní ìdí ọfà ni èyí tí ó wà ní orí ọfà ń lò. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde ní 2016, a yí orúkọ náà padà sí èyí tí ó sọ pé ohun tí ó wà ní ìdí ọfà ń ṣiṣẹ́ fún èyí tí ó wà ní orí rẹ̀. Orúkọ yí, ọfà kò yí, ìtumọ̀ kò sì yí. Ìdí tí a fi ṣe é kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tí ó bá gbọ́ "lò" máa ń fẹ́ kí ọfà tọ́ka sí ohun tí a ń lò, ọfà náà sì tọ́ka sí ẹni tí ń lò ó. Tí àwọn tí ó mọ ìlànà náà lè ṣi ọfà kan kà, ìpò ẹni tí kò kà á rárá kò nílò àlàyé.

Ìṣòro kejì ni ti ìwọ̀n. Nínú àwòrán tí ó ní àpótí mẹ́wàá, ojú lè tọ ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú èyí tí ó ní ẹgbẹ̀rún, ojú á ṣi ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí iléeṣẹ́ bá tóbi gan-an ni ó máa ń fẹ́ mọ̀ ohun tí yóò bàjẹ́ bí a bá yọ sáfà kan kúrò.

Ohun tí ọ́ńtọ́lọ́jì jẹ́

Láti ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni a ti ṣẹ̀dá orúkọ náà: ọ̀kan jẹ mọ́ wíwà, èkejì jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀kọ́. Aristotle ti ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí ó pín ohun tí a lè sọ nípa ohun tí ó wà sí ìsọ̀rí mẹ́wàá. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà yá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí a lè fọwọ́ ṣe. Gẹ́gẹ́ bí Tom Gruber (1993) ti ṣàlàyé rẹ̀, àkọsílẹ̀ tí ó hàn kedere nípa ọ̀nà tí a gbà pín ayé sí ohun àti ìbáṣepọ̀ ni a ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà pín ayé: níhìn-ín ni olùkọ́ èdè Yorùbá ti ní ohun tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè má ní. Nínú ọmọ ìyá, èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Yorùbá fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣáájú dáyé. Nítorí náà ni a fi ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí a kì í sì í bìkítà nípa akọ tàbí abo àfi bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀. Kódà nígbà tí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wọlé tí ó di bùrọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ni a sọ ọ́ dà. Kò sí ẹni tí ń pe àbúrò rẹ̀ ní bùrọ̀dá. Ọ̀rọ̀ lásán ni a yá, ọ̀nà tí a gbà pín ayé kò kúrò níbi tí ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ńtọ́lọ́jì tí yóò gba èdè méjèèjì kò lè kàn kọ ẹ̀gbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì fà ìlà sí àárín. Ó ní láti pààlà fún ọmọ ìyá gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí ńlá, kí ó fi ọjọ́ orí ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀, kí ó sì fi akọ àti abo ya òmíràn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó lè mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo lè wà nínú méjèèjì, àti pé ọ̀kan kò sí nínú ìkùn èkejì.

Ohun mẹ́rin ni a fi ń kọ ọ́ńtọ́lọ́jì. Ìsọ̀rí ni àkọ́kọ́, bí àpẹẹrẹ sáfà, òṣìṣẹ́, ètò kọ̀ǹpútà. Ìkejì ni ẹ̀dá tí ó wà nínú ìsọ̀rí: sáfà tí ó wà nínú yàrá kẹta nísàlẹ̀ ilé rẹ́jísírà. Ìkẹta ni ìbáṣepọ̀, ìkẹrin sì ni òfin tí ó de ìsọ̀rí àti ìbáṣepọ̀. Òfin yìí ni ó ya ọ́ńtọ́lọ́jì sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé atúmọ̀-èdè. Àjọ W3C, tí ó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí èdè kan fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2004. OWL ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà kejì rẹ̀ sì jáde ní 2009. Protégé, tí a ṣe ní Yunifásítì Stanford, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tí a bá kọ ọ́ tán, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, tí a ó máa pè ní ètò afàyọ níhìn-ín, yóò ka àwọn òfin náà, yóò sì fa ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ yọ láti inú wọn.

Bí àwòrán ṣe di ohun tí a lè bi léèrè

Lílo ọ́ńtọ́lọ́jì fún iléeṣẹ́ kì í ṣe ohun àná. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní Edinburgh, tí Mike Uschold wà lára wọn, kọ èyí tí wọ́n pè ní Enterprise Ontology. Ní Toronto, Mark Fox àti Michael Grüninger ṣe TOVE. Ohun tí ó wúlò jù tí àwọn ará Toronto fi sílẹ̀ ni ìmọ̀ràn kan tí ó dà bí ohun kékeré: kí a tó kọ ìsọ̀rí kankan, kí a kọ àwọn ìbéèrè tí a fẹ́ kí ọ́ńtọ́lọ́jì náà lè dáhùn. Èyí tí kò bá lè dáhùn wọn kò tíì tó. Ohun tí kò sì sí ìbéèrè tí ó nílò rẹ̀ kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó bàjẹ́ nínú ìmọ̀ yìí ni ì bá má bàjẹ́ bí a bá ti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí a sì mú ìbéèrè kan: bí a bá pa sáfà tí ó wà ní ọ́fíìsì bọ́sà fún ọjọ́ méjì láti tún un ṣe, iṣẹ́ wo ni yóò dúró? Òfin mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan gbára lé ètò náà. Ètò tí ó bá ń gba dátà láti inú òmíràn, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà kan, gbára lé e. Bí ohun kan bá gbára lé èkejì, tí èkejì sì gbára lé ẹ̀kẹta, ti àkọ́kọ́ gbára lé ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí ni a ó kọ ohun tí a mọ̀: pé fífi èsì síta ń lo ètò èsì, pé ètò èsì ń gba orúkọ láti inú ètò owó, pé ètò owó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà bọ́sà. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé èsì ìdánwò gbára lé sáfà bọ́sà. Ètò afàyọ ni yóò sọ ọ́, ó sì lè sọ ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Bí àwọn ohun inú àwòrán bá di ẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ kan náà ni.

Òfin mìíràn wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti ka nǹkan léèwọ̀. A lè kọ ọ́ pé kò sí ohun tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó tún jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. Bí ẹnì kan bá wá kọ "kásíà" sílẹ̀ ní ibì kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gba owó, tí ẹlòmíràn sì fi orúkọ kan náà pe ètò tí ń tẹ rìsíìtì, ètò afàyọ yóò ké gbàjarè pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu. Lójú àwòrán, àpótí kan ṣoṣo ni, kò sì sí ẹni tí yóò fura.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra nípa òfin ìgbáralé yìí, nítorí pé kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Bí a bá jẹ́ kí ó máa lọ, gbogbo nǹkan nínú iléeṣẹ́ ni yóò gbára lé jẹnẹrétọ̀, ìdáhùn tí ó sì kan ohun gbogbo kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́gbọ́n a ya oríṣi ìgbáralé sọ́tọ̀: èyí tí iṣẹ́ yóò dúró lójú ẹsẹ̀ nítorí rẹ̀, àti èyí tí a lè fi ọwọ́ kọ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó di ìṣòro.

Àpẹẹrẹ kejì ni ArchiSurance. Iléeṣẹ́ adójútòfò yìí kò sí níbìkan. The Open Group ni ó ń lò ó láti kọ́ni. Nínú ìtàn rẹ̀, iléeṣẹ́ mẹ́ta ni ó para pọ̀: Home & Away tí ń dáàbò bo ilé àti ìrìn-àjò, PRO-FIT tí ń ṣe ti ọkọ̀, àti LegallyYours tí ń ṣe ti owó ẹjọ́. Ohun tí ó mú kí ó jẹ́ àpẹẹrẹ rere ni pé bí a tilẹ̀ ti kó ojú ìta iléeṣẹ́ náà jọ sí ọ̀kan, tí oníbàárà ń bá ẹnu kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ọ́fíìsì mẹ́ta ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, olúkúlùkù pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èwo nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni a lè pa pọ̀.

Àwòrán ArchiMate yóò fi hàn pé ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àkójọ dátà oníbàárà. Ó rọrùn láti sọ pé kí a kó wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni oníbàárà? Nínú adójútòfò ọkọ̀, ẹni tí ó ni ìwé àdéhùn lè yàtọ̀ sí ẹni tí ń wa ọkọ̀, ó sì yàtọ̀ sí ẹni tí ọkọ̀ gbá tí ó wá béèrè owó. Nínú ti ìrìn-àjò, ẹnì kan lè ra ìwé kan fún gbogbo ìdílé. Giancarlo Guizzardi, tí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ jáde ní Twente ní 2005, ya ohun tí ẹ̀dá jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ipa tí ó ń kó. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: ènìyàn lè joyè, a sì lè rọ̀ ọ́ lóyè, ṣùgbọ́n a kò lè rọ̀ ọ́ kúrò ní ipò ènìyàn. Oníbàárà jẹ́ ipa, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá fi ìsọ̀rí ẹni sí ìsàlẹ̀, tí a wá kọ ipa kọ̀ọ̀kan lé e lórí pẹ̀lú ohun tí ó sọ ènìyàn di ẹni tí ń kó o, ẹ̀rọ lè sọ iye àwọn tí wọ́n ní ìwé ní ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta, bí àkọsílẹ̀ bá ti fi hàn ibi tí orúkọ méjì ti jẹ́ ti ẹnì kan. Ó tún lè sọ ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí òmíràn ti ń ṣe. Ní Lisbon, Artur Caetano, José Borbinha àti àwọn akẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ jáde ní 2013 lórí bí a ti lè fi OWL kọ ArchiMate fúnra rẹ̀, kí a lè so ó mọ́ àwọn ọ̀nà àpèjúwe mìíràn tí iléeṣẹ́ ń lò, kí a sì fi ètò afàyọ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ pọ̀.

Ohun tí a kò sọ

Ibì kan wà nínú OWL tí ó máa ń mú àwọn tí ó ti mọ àkójọ dátà lásán kọsẹ̀. Nínú àkójọ dátà, ohun tí a kò kọ kò sí. Bí orúkọ ọmọ kan kò bá sí nínú ìwé àwọn tí ó sanwó, kò sanwó nìyẹn. OWL kò ronú báyìí. Ó gbà pé ayé ṣí sílẹ̀: ohun tí a kò kọ lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, a kàn kò mọ̀ ni. Bí a bá bi í pé, "Ǹjẹ́ sáfà yìí kò ní ètò kankan lórí rẹ̀?" tí a kò sì kọ ètò kankan sí i, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bákan náà.

Ewu rẹ̀ wà lára ẹni tí ń gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀gá iléeṣẹ́ béèrè àwọn iṣẹ́ tí ó gbára lé sáfà kan. Ẹ̀rọ kò mú ọ̀kankan wá. Ọ̀gá ní kí a pa á. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni pé òun kò rí ẹ̀rí, ohun tí ọ̀gá gbọ́ ni pé kò sí. Láàrin méjèèjì, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lè wà lórí sáfà náà, tí ẹni tí ó kó àkọsílẹ̀ jọ kò dé ọ́fíìsì wọn. Ìwà OWL yìí bá iléeṣẹ́ mu ju ti àkójọ dátà lọ, nítorí kò sí iléeṣẹ́ kan tí àwòrán rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí a máa sọ ọ́ ní gbangba ibi tí a ti wò dé àti ibi tí a kò tíì wò. Fún ibi tí a bá fẹ́ kí àìsí jẹ́ àìsí, W3C fọwọ́ sí ìlànà mìíràn ní 2017, tí ń jẹ́ SHACL. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yẹ àkọsílẹ̀ wò bóyá ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni iléeṣẹ́ nílò. Ẹni tí ó bá ní OWL nìkan tó kò tíì fi ṣe iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ alààyè.

Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀

Ìṣòro tí ó le jù kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ní Nàìjíríà, àjọ NITDA, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, ti gbé ìlànà jáde lórí ìgbékalẹ̀ iléeṣẹ́ fún ìjọba, èyí tí ó jẹ́ ìgbésẹ̀ tí ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá wo nọ́ńbà méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, a ó rí i pé ìlànà nìkan kò tó. Òfin tí ó dá NIMC sílẹ̀ ní 2007 ni NIN dúró lé; ènìyàn ni ó ń kà, ì báà ní owó ní báńkì, ì báà má ní. Báńkì àpapọ̀ gbé BVN jáde ní 2014. Oníbàárà báńkì ni ìyẹn ń kà. Nígbà tí a pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 2020 pé kí a so nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ NIN, ìsọ̀rí kẹta tún wọlé: ẹni tí fóònù wà lórúkọ rẹ̀. Bàbá tí ó ra káàdì fóònù fún ìyá rẹ̀ àgbàlagbà àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta mọ̀ pé ẹni tí fóònù wà lórúkọ rẹ̀ kọ́ ni ẹni tí ń lò ó. Ètò kọ̀ǹpútà tí a kò sọ ìyàtọ̀ yìí fún yóò ka ènìyàn kan sí ẹni tí ó ní fóònù márùn-ún, yóò sì ka àwọn mẹ́rin sí ẹni tí kò ní.

Ìtọ́jú náà tún wà. Ọ́ńtọ́lọ́jì tí a kọ lọ́dún yìí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lẹ́yìn ìyẹn yóò máa dáhùn ìbéèrè nípa iléeṣẹ́ tí kò sí mọ́, pẹ̀lú ìdánilójú kan náà tí ó fi ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn sàn díẹ̀ fún àwòrán ara ògiri, nítorí pé òun, bí ó bá ti gbó, ojú rí i.

Ní ti èdè, OWL kò so ohun pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan. Àmì ìdánimọ̀ kan ni ó fi ń mọ ìsọ̀rí, a sì lè fi orúkọ ní èdè púpọ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Àmì "yo" ni ìlànà àgbáyé fi ń dá Yorùbá mọ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lórí ìsọ̀rí wọn. Bí wọ́n bá fi Yorùbá ṣe é, wọn yóò rí i pé èdè náà ti ní ọ̀nà láti sọ ìyàtọ̀ jáde: asanwó, aforúkọsílẹ̀, olùdánwò, alákáàdì ìkàwé. Ibi tí ìjíròrò ti máa ń pẹ́ ni ọ́fíìsì tí yóò gba ọ̀rọ̀ "akẹ́kọ̀ọ́" gan-an láìfi nǹkan mìíràn kún un, nítorí pé bọ́sà rò pé tòun ni, rẹ́jísírà náà sì rò bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó máa ń yanjú rẹ̀ ni pé kí ọ́fíìsì kankan má gbà á. A ó gbé e sókè gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí tí ó kó gbogbo àwọn yòókù sínú, a ó sì kọ ọ́ lófin pé ètò kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ fi òun nìkan ránṣẹ́ sí òmíràn.